Ìbéèrè Ní Ilé-Ẹjọ́



Ọ̀pọ̀ òbí ni í máa wí pé, “Ẹnu ọmọ yìí dá ṣáṣá, lọ́yà ni yóò ṣe.” Àwa olùkọ́ náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹnu dídá nìkan kọ́ ni iṣẹ́ agbẹjọ́rò.

Ní ọdún 1879, ní Lọ́ńdọ̀nù ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò, ti gba àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Òkè òkun kan náà ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e lọ, títí òfin ọdún 1962 fi dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Kì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa lọ jókòó ní ilé-ẹjọ́ láti wòye. Wọn a sì máa ṣe ẹjọ́ àfidánrawò, kí ẹnìkan ṣe adájọ́, kí ẹnìkan ṣe ẹlẹ́rìí, kí àwọn méjì ṣe agbẹjọ́rò.

Ìbéèrè ni ọ̀gangan iṣẹ́ náà. Agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ fi èsì sí ẹlẹ́rìí tirẹ̀ lẹ́nu pé, “Ṣebí Àjàyí ni ẹ rí tí ó ń gé àwọ̀n?” Kí ó bèèrè pé, “Kí ni ẹ rí lóru ọjọ́ náà?” Ẹlẹ́rìí alátakò ni òfin gbà á láyè láti bi ní irú ti ìṣáájú. Síbẹ̀, kí ó bèèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fetí sí èsì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Ìlàjẹ. Ní ọjọ́ 28 oṣù May, 1998, àwọn ológun yìnbọn fún àwọn ọmọ wa tí ó lọ fi ẹ̀hónú hàn ní ibùdó epo Chevron ní Parabe, lójú òkun. Ènìyàn méjì kú. Ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù December, 2008, àwọn júrì dá Chevron láre. A kò dá agbẹjọ́rò kankan lẹ́bi. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ẹni tí kò mọ omi wa lè dá ẹjọ́ wa, ohun tí ìbéèrè bá sì fà jáde lẹ́nu ẹlẹ́rìí ni yóò fi dá a.

Àwa olùkọ́ jẹ̀bi níhìn-ín: ọmọ tí ń bèèrè ni a máa ń pè ní aláfojúdi. Ẹ jẹ́ kí a yí padà. Ẹ sì jẹ́ kí Ẹgbẹ́ wa ran ọmọ Etikan tí ń kọ́ òfin lọ́wọ́, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Ẹni tí kò bá sì rí agbẹnusọ, bí ẹni tí kò rò tirẹ̀ ni yóò rí.

 Etikan yóò máa gòkè.