Ẹran Kò Di Hàráámù: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Oúnjẹ Ilẹ̀ Òkè-Ògùn

  



Ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ti ààwẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wọn, nítorí pé ara tí kò le kì í lè dìde fún ìrun òru. Ó dá lórí ọ̀rá kan tí ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní triglyceride. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ọ̀rá yìí ti pọ̀ jù lára Mùsùlùmí kan, ṣé kí ó fi ẹran sílẹ̀ pátápátá, kí ó máa jẹ ewé àti kóró nìkan? Àwọn kan ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ń sọ pé ẹni tí ó bá kọ ẹran ti kọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní ẹ̀tọ́. Ìhà méjèèjì ni ó ní ohun tí wọ́n fò dá.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rá náà jẹ́. Nígbà tí ènìyàn bá jẹun ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ lè lò tán lọ, ara kì í da èyí tí ó ṣẹ́kù nù. Ẹ̀dọ̀ a sọ ṣúgà àti oúnjẹ afúnnilókun tí ó ṣẹ́kù di ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e lọ sí ibi tí ara ń kó o pamọ́ sí, bí àgbẹ̀ ti ń kó ọkà sí àká. Kò sí ibi nínú èyí. Àká ni ọlọ́gbọ́n fi ń la ọ̀dá já. Ibi tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí a máa kó o wọlé lójoojúmọ́, kí ọ̀dá má sì dé. Nígbà náà ni ẹ̀jẹ̀ yóò kún fún ọ̀rá, tí yóò sì lọ́wọ́ nínú àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ tirẹ̀, kí ó má jẹun fún wákàtí mẹ́sàn-án sí méjìlá kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí òǹkà náà kò bá tó mílígíráàmù 150 nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ó dára. Láti 150 dé 199 jẹ́ ààlà. Láti 200 sókè ni ó ti pọ̀. Bí ó bá tó 500, ewu mìíràn tún wọ̀ ọ́: ẹ̀yà ara tí ó wà lẹ́yìn agbẹ̀du, tí ń pèsè omi tí ń da oúnjẹ, lè wú kí ó sì máa jó ènìyàn ní inú, èyí tí ó ti gbé àwọn ènìyàn dé ilé ìwòsàn ní kíákíá, tí ó sì ti pa àwọn mìíràn. Àwọn láàbù kan ń lo òdiwọ̀n mìíràn, níbi tí 1.7 ti dúró fún 150, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wo òǹkà kékeré kí ó máa yọ̀ láì béèrè. Ọ̀rá yìí kì í dunni. Kò ní ẹ̀fọ́rí, kò ní ibà. Inú ẹ̀jẹ̀ tí a fà nìkan ni a ti ń rí i.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwa ènìyàn dúdú mọ̀. Àwọn oníwádìí ti rí i pé ọ̀rá yìí kì í sábà ga lára àwọn tí ìran wọn ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá bí ó ti ń ga lára àwọn òyìnbó, kódà nígbà tí àtọ̀gbẹ bá ti ń bọ̀. Ẹni tí òǹkà tirẹ̀ bá dára kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ sọ pé òun kò nílò àyẹ̀wò ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì ga ní àárín wa, kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́sẹ́yìn.

Nísisìyí, kí a wá sí orí ẹran. Ní ọdún 1997, Dókítà Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn ènìyàn dúdú ní ìhà méjèèjì òkun. Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, aládùúgbò Òkè-Ògùn, wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nǹkan bí ènìyàn 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára wọn. Láàrin àwọn adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó jẹ́ 33. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, kí ó tó di olóògbé ní 1995, wà lára àwọn tí ó dá ìwádìí sílẹ̀ láàrin àwọn arúgbó Ìdíkàn àti àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 sọ pé àrùn iyè ríra ń mú 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó Ìbàdàn lọ́dún, ó sì ń mú 3.24 ní ọ̀hún. Àwọn ará Ìdíkàn kò kọ ẹran. Ọkà, iṣu, ewébẹ̀ àti ẹja díẹ̀ ni oúnjẹ wọn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn, ọ̀rá kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ẹ̀jẹ̀ wọn sì kéré sí ti àwọn tí Amẹ́ríkà. Oúnjẹ nìkan kọ́ ni ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé oúnjẹ kò sí níbẹ̀.

Èyí ni ó mú kí àwọn kan máa pariwo pé kí a di ajewébẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2015, àwọn oníwádìí kan kó ìdánwò mọ́kànlá jọ, nínú èyí tí wọ́n fi àwọn tí wọ́n fún ní oúnjẹ aláìlẹ́ran wé àwọn tí ń jẹ bí wọ́n ti ń jẹ. Wọ́n rí i pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn tí kò jẹ ẹran lọ sílẹ̀ dáadáa. Triglyceride wọn ńkọ́? Kò yí padà ní ọ̀nà tí ó ṣe é tọ́ka sí.

Ó lè ya ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ya ará Kìṣí lẹ́nu. Ẹran mélòó ni ó wà nínú àwo ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún? Ẹyọ kan tàbí méjì, àmàlà sì dà bí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ ga bá yọ ẹyọ ẹran méjì yìí kúrò, tí ó fi òkèlè mẹ́wàá àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan dípò rẹ̀, ajewébẹ̀ ni yóò máa pe ara rẹ̀, ọ̀rá náà yóò sì máa gòkè. Ṣúgà kò ní ẹran nínú. Búrẹ́dì funfun kò ní ẹran nínú. Ohun tí ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe ọ̀rá yìí jù lọ ni wọ́n jẹ́.

Àmàlà kò ṣẹ̀. Èlùbọ́ Òkè-Ògùn ni Ìbàdàn àti Èkó ń jẹ, ó sì bọ́ àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ ebè láti ìdájí títí oòrùn fi kan àtàrí ti ná ohun tí ó jẹ. Ọmọ rẹ̀ tí ó jókòó sórí ọ̀kadà tàbí sí ìdí káńtà láti àárọ̀ ń jẹ ìwọ̀n àmàlà kan náà, ó sì tún fi mínírà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìgò kékeré kan tí ó jẹ́ 35 sẹ̀ǹtílítà, bí ó bá jẹ́ ṣúgà nìkan ni wọ́n fi mú un dùn, lè ní ṣúgà tó gíráàmù 35. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní 2015 pé ó dára kí àgbàlagbà má kọjá ní odindi ọjọ́ kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25. Ìjọba Nàìjíríà pàápàá fi owó-orí náírà 10 lé lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìṣúná 2021.

Kí ni ẹni náà yóò wá jẹ? Ohun tí a ti ní ni. Ẹ̀wà ni kí ó ṣíwájú: gbẹ̀gìrì, ẹ̀kuru, òòlẹ̀, àdàlú tí ẹ̀wà rẹ̀ ju àgbàdo lọ. Ẹ̀wà a máa yó ènìyàn, kì í sáré di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ẹran fún ara. Ọkà bàbà tí a lọ̀ tèèpo-tèèpo sàn ju ìyẹ̀fun funfun lọ. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá, ewédú àti lúrú, kí wọ́n pọ̀ nínú àwo ju òkèlè lọ. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń ṣòro jù fún àwọn ọkùnrin láti gbọ́. Irú ilẹ̀ wa a máa fún ọbẹ̀ ní adùn tí ẹnikẹ́ni kò fi ní wá ẹran. Ẹ̀pà yíyan ẹ̀kúnwọ́ kan sàn ju bísíkíìtì. Sóyà pẹ̀lú wà: àwọn oníwádìí IITA ní Ìbàdàn ti kọ́ àwọn ará abúlé láti máa fi í sínú ògì àti láti fi ṣe irú láti bí ọdún 1980 àti díẹ̀, wàrà sóyà sì ti di ohun tí a ń kiri lọ́jà. Kí epo àti òróró má ṣàn nínú ọbẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹran, ẹyin, ẹja àti wàrà sílẹ̀ pátápátá, kí ó mọ̀ pé fítámì B12 kò sí nínú ewé, ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ara kò sì lè ṣe é tì. Yóò ní láti máa gbà á ní oògùn. Ẹni tí ó bá fi wàrà àwọn Fúlàní díẹ̀díẹ̀ àti ẹyin kún ẹ̀wà rẹ̀ ti rí i gbà.

Ní ti ẹ̀sìn, kí a ṣọ́ra fún ahọ́n wa. Ọlọ́hun kìlọ̀ nínú Sura Máídà pé kí a má ṣe sọ ohun dáradára tí Òun ṣe ní ẹ̀tọ́ di èèwọ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹran jẹ́ ẹ̀gbin, tàbí pé àìjẹ ẹran jẹ́ ìjọsìn tí yóò mú òun sún mọ́ Ọlọ́hun, ti ṣìnà. Ànábì (SAW) jẹ ẹran, ó sì fẹ́ràn apá àgùntàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dín in kù tàbí tí ó bá fi í sílẹ̀ nítorí ìlera, tí ó sì gbà pé hàláàlì ni, kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ìyá wa Àíṣà ròyìn pé oṣù máa ń kọjá ní ilé Ànábì tí wọn kò dáná, tí ó jẹ́ dàbínù àti omi ni oúnjẹ wọn. Sàyídínà Umar náà, gẹ́gẹ́ bí Ìmáàmù Málíkì ti gbà á wá nínú Muwatta, kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé ẹran jíjẹ lè di bárakú bí ọtí. Àwọn tí ń fi sunna gbe ẹran lẹ́yìn kì í sábà rántí èyí.

Oyin pẹ̀lú ní ìwòsàn nínú, Àlùkùráánì sì jẹ́rìí sí i. Ṣúgà ni púpọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, síbí ni kí ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ ga máa fi bù ú, kì í ṣe ife.

Oṣù Ràmàdáánì ni ó yẹ kí ọ̀rá yìí lọ sílẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi ìṣínu gba gbogbo ohun tí a kọ̀ ní ọ̀sán padà: mínírà tútù, mósà, àkàrà tí ó mu òróró, lẹ́yìn náà àmàlà, lẹ́yìn náà oorun. Dàbínù mẹ́ta, omi, ìrun mágàríbì, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ àti òòlẹ̀ ti tó. Ti Ìléyá kò pẹ́ púpọ̀ láti sọ: ẹni tí ó bá pín ẹran rẹ̀ fún aládùúgbò àti aláìní bí àwọn onímọ̀ ti là á sílẹ̀ kò ní ní èyí tí yóò máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọtí wà lára ohun tí ó ń gbé ọ̀rá yìí sókè jù lọ. Mùsùlùmí yóò sọ pé òun kò mu ọtí. Kí ni ó wà nínú párága tí wọ́n ń tà ní gáréèjì? Ewé àti egbò tí a rẹ sínú ògógóró ni púpọ̀ nínú rẹ̀, orúkọ àgbo kò sì sọ ọ́ di hàláàlì.

Ẹni tí ó sanra, bí ó bá dín kílò márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ kù, ọ̀rá yìí lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ sílẹ̀. Kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sálásí fún ìrun márààrún, bí ọ̀nà kò bá jìn jù. Ẹni tí dókítà ti fún ní oògùn kò gbọdọ̀ torí ẹ̀wà dá a dúró, ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ sì ní láti sọ fún dókítà rẹ̀ kí ó tó yí oúnjẹ padà, nítorí pé ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ó tún lọ fa ẹ̀jẹ̀, láì jẹun ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ó mú ìwé àkọ́kọ́ dání kí wọ́n lè fi méjèèjì wé ara wọn.