Ẹ̀kọ́ Òwò ní Òkè-Òkun: Kí Ni Ọmọ Wa Yóò Mú Bọ̀ Wálé?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Ìbàdàn)

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ kan púpọ̀ nínú wa: ọmọ fẹ́ lọ gba oyè MBA ní òkè-òkun, ṣé kí a ta ilẹ̀ bàbá wa nítorí ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ní 1908 ni Harvard ní Amẹ́ríkà dá ilé-ẹ̀kọ́ òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn ilé-iṣẹ́ kan ni olùkọ́ máa ń gbé kalẹ̀: owó tó wọlé, gbèsè tó jẹ, ẹni tó ń bá a figagbága. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè á wá jiyàn lé e lórí: "Bó o bá jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, kí lo máa ṣe?"

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi tiwa dán an wò. Ẹ rántí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní "Ìbàdàn dùn". Òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà lára àwòrán rẹ̀. Ìyá tó ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya aṣọ yìí mọ iye tó ra aṣọ funfun àti aró, ó sì mọ oníbàárà tó ń sanwó àti èyí tó ń sá fún un. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ̀rọ ní Ṣáínà ń tẹ aṣọ tó jọ àdìrẹ, wọ́n sì ń tà á fún wa lówó pọ́ọ́kú. Ta ló ni àwòrán náà lábẹ́ òfin? Èló la máa tà á ní London tí owó ọkọ̀ àti owó ibodè ò fi ní jẹ èrè tán? Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ òkèèrè ti wúlò.

Èkejì ni òwò tí kì í bá olówó rẹ̀ kú. Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, títí dé Bẹyẹrúnkà, mélòó nínú ìsọ̀ tí a mọ̀ léwe ló ṣì ṣí? Olówó kú, wọ́n pín ọjà, ó tán! Alhaja Humuani Alaga tó ṣòwò aṣọ nílùú yìí kò lọ sílé-ìwé òyìnbó, síbẹ̀ òun àti ẹgbẹ́ Isabatudeen dá ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní 1964. Ẹgbẹ́ ló fà á lé lọ́wọ́, kì í ṣe ẹnì kan.

Nítorí náà, ẹ má ta ilẹ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún díẹ̀, kó mọ ohun tó ń wá. Kò sì di dandan kó wọ bàálù. Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ìwé-ẹ̀rí London ni àwọn tó kàwé níbẹ̀ ń gbà. Lagos Business School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, bá IESE ti Spéènì ṣe pọ̀.

Àmọ́ bí ọ̀nà bá là, kó lọ o. Bí ọmọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ohun tí mo bẹ ẹgbẹ́ wa ni pé kí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan nínú wa gba ọmọ kan sọ́dọ̀ nígbà ìsinmi, kó fi ìwé ìṣirò owó rẹ̀ hàn án. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀.