Kí Gángan Tó Wọ Synthesizer: Bí A Ṣe Ń Mú Agbára Ìró Bára Mu



Ọ̀rọ̀ ìlù àti synthesizer, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ìró, kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Akin Euba, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí ìlù dùndún, kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Sunny Adé, olórin jùjú tí wọ́n bí ní Òṣogbo ní 1946, ti fi synthesizer kẹ́gbẹ́ gángan nínú àwo Synchro System ní 1983. Ọ̀dọ́ òde òní tún fẹ́ràn oríṣi synthesizer tí ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, tí wáyà so wọ́n pọ̀, èyí tí Dieter Doepfer ará Jámánì gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ẹ̀rọ là ń dá lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé a kò wọn volt, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára iná tó ń gbé ìró.

Volt tí maikirofóònù ń mú wá kéré débi pé ìdá ẹgbẹ̀rún la fi ń kà á. Míksà ló ń gbé e ga. Láti òkè ìgbì dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, míksà ilé ìgborinsílẹ̀ ń fúnni ní nǹkan bíi volt 3.5, ẹ̀rọ kékeré ilé ń fúnni ní nǹkan bíi 0.9. Synthesizer oníwáyà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń retí nǹkan bíi 10. Bí a bá fi decibel, òṣùwọ̀n ìyàtọ̀ agbára ìró, kà á, ti àkọ́kọ́ fi 9 kù, èkejì fi 21 kù. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, gángan á dún fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yà tó ń sọ líle ìlù di volt tó ń darí àwọn ẹ̀yà yòókù kò sì ní jí.

Ọ̀pọ̀ á sáré yí bọ́tìnì ìkẹyìn sókè. Mi ò fara mọ́ ọn, nítorí gbogbo ariwo abẹ́lẹ̀ tó ti wọlé lójú ọ̀nà á bá ìlù gòkè. Láti ibi maikirofóònù ni kí ẹ ti fún un lágbára tó, kí ìró ìlù tó le jù má sì fọ́. Lẹ́yìn náà, bó bá jẹ́ míksà ilé ìgborinsílẹ̀ lẹ lò, kí ẹ̀yà synthesizer tó ń gbé ìró ga sọ ọ́ di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta kó tó wọ fílítà, ẹ̀yà tó ń sẹ́ ìró.

Bí ìró bá ń ti inú synthesizer padà bọ̀ sínú míksà, 10 volt yẹn kò gbọdọ̀ wọ ihò maikirofóònù. Ihò láìnì ni kó gbà, kí geènì, ìyẹn bọ́tìnì tó ń gbé ìró tó wọlé ga, wà nílẹ̀. Ẹ sì pa 48 volt tó ń bọ́ maikirofóònù kí ẹ tó so wáyà kankan.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé gángan ń sọ̀rọ̀. Bí ìró bá ti fọ́, líle àti rírọ̀ a di ọ̀kan náà, ìró tí onílù kò lù a sì bo yíyọ́ ohùn mọ́lẹ̀. Oríkì á kàn di ariwo létí ẹni tí wọ́n ń kì.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ orin ní yunifásítì wa: ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí a ṣe ń wọn volt láti ọdún àkọ́kọ́, kí ó sì jẹ́ pé ìlù wa ni wọn yóò fi kọ́ ọ.