Àìsàn Mẹ́ta, Ètò Ìtọ́jú Kan

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà là ń sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, orúnkún tún ń dùn wọ́n. Dókítà wá dá wọn dúró sí ọsibítù. Àìsàn mẹ́ta, ara kan ṣoṣo! Ibuprofen tí wọ́n ń lò sí orúnkún lè mú ẹ̀jẹ̀ wọn ru sí i, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Òmíràn nínú oògùn ṣúgà, bí wọn ò bá jẹun sí i, òòyì lè gbé wọn ṣubú.

Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń kọ ètò ìtọ́jú: á yẹ̀ wọ́n wò, á kọ ìṣòro wọn sílẹ̀ àti ohun tó máa ṣe sí i, á sì padà wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́. Ní UCH Ìbàdàn, ọdún 2012 ni wọ́n ti ṣí ibùdó tó wà fún ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà.

Àmọ́ nọ́ọ̀sì ò lè kọ ohun tí kò mọ̀. Iṣẹ́ tiyín rèé: ẹ ya fọ́tò gbogbo oògùn tó wà nílé, títí kan àgbo, kẹ́ ẹ fi hàn án. Ẹ má fi àgbo pa mọ́ nítorí ìtìjú. Bí wọ́n bá ti ṣubú rí, ẹ sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ sílé, ẹ béèrè: èwo la ó máa lò, èwo la ó dá dúró, ọjọ́ wo la ó padà wá? Ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú wọn ni kó kọ́kọ́ rí i.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.