Ọmọ Tí Àṣẹ Ń Bà Lẹ́rù: Kí Ni Ojúṣe Wa Sí Àwọn Òbí Rẹ̀?

Bisimilláhir-Rahmánir-Rahíìm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn ní oríṣiríṣi, tí kò sì sí àṣìṣe nínú iṣẹ́ Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.   

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tí yóò bá wàásù fún ènìyàn, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wàásù fún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa.

Ọmọ ọdún 9 kan wà ní ilé kéú wa. Bí ó bá dá wà, tí ó ń fi erùpẹ̀ ṣeré, ẹ ó gbọ́ tí yóò máa ka Súrà kan tẹ̀lé òmíràn láìṣìnà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ní, "Ó yá, kà á," wàhálà dé nìyẹn. Yóò ní ọrùn ń dun òun. Yóò ní òun ti di ológbò, ológbò kì í sì í ké kéú. Yóò sá sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Bí a bá tún tẹnu mọ́ ọn, igbe ni, yóò sọ wàláà mọ́lẹ̀, yóò máa gbá orí mọ́ ògiri. Kí la ṣe? A ní olóríkunkun ni, a nà án. A tún nà án. Bí a ti ń nà án ni ọ̀ràn ń burú sí i, títí tí ìyá rẹ̀ fi mú un kúrò, tí òun náà kò sì wá sí mọ́sálásí mọ́. Ìgbà tí dókítà kan wá bá ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ ni ojú wa tó là. A lọ bẹ ìyá náà nílé. Omijé ni obìnrin náà fi dá wa lóhùn.

Kí ni àlàyé dókítà? Ó ní ohun kan wà tí à ń pè ní ọ́tísìmù. Dókítà Leo Kanner ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1943. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé ní ọdún 2021, nínú ènìyàn 127, ẹnì kan ní in. Ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ náà gbà ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀. Kì í ṣe àlùjànnú, kì í ṣe pé ìyá kò kọ́ ọmọ, abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ló sì fà á.

Láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a ti rí àwọn tí àṣẹ ń bà lẹ́rù. Obìnrin onímọ̀ kan ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Elizabeth Newson, ló fún un lórúkọ ní àwọn ọdún 1980, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn dókítà ní 2003. PDA ni wọ́n ń pè é ní ìkékúrú. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí orúkọ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ọmọ yìí wẹ̀, kí ó jẹun, kí ó wọ bàtà, àní kí ó ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn, àyà rẹ̀ á já bí ẹni tí ajá ń lé. Ó fẹ́ ṣe é, kò lè ṣe é. Àwáwí tí ó ń wá, ẹ̀rín tí ó ń rín, igbe tí ó ń ké, ó ń wá ọ̀nà àsálà ni. Ẹgba a máa fi kún ẹ̀rù náà ni.

Ẹ wá wo ilẹ̀ Yorùbá wa. Àṣẹ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni "dọ̀bálẹ̀", "kúnlẹ̀", "kí wọn". Ọmọ tí kò bá kí àgbà, ìyá rẹ̀ ni a ó bú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wọ̀nyí fi ń ti ara wọn mọ́lé. Wọn kì í lọ ìsọmọlórúkọ, wọn kì í lọ Yídì. Wọ́n ń gbààwẹ̀ lọ́sàn-án, ọmọ kò jẹ́ kí wọ́n sùn lóru.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilé Ànábì wa (SAW). Anas sìn ín fún ọdún 10, ó sì jẹ́rìí pé kò bá òun wí rí lórí ohun tí òun ṣe tàbí ohun tí òun kò ṣe. Bí Ànábì bá ń kírun tí ó gbọ́ igbe ọmọ ọwọ́, yóò gé ìrun náà kúrú nítorí ìyá ọmọ. Nígbà tí ará oko kan tọ̀ sínú mọ́sálásí, tí àwọn sàábé fẹ́ dìde sí i, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n da omi sí ibẹ̀. Súrà Abasa sì ń bẹ láti kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ fajú ro sí ẹni tí ó ní ìpèníjà. Ta ni àwa, tí a ó fi lé ọmọ jáde?

Àwọn kan yóò ní kí á gbé ọmọ lọ fún ẹni tí yóò lé iwin jáde. Ẹ rántí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ó lé ní igba ènìyàn tí ọlọ́pàá kó jáde níbi tí wọ́n há wọn mọ́ ní Ìbàdàn wa níbí, orúkọ ẹ̀sìn sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ọmọ Ọlọ́hun. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní UCH Ìbàdàn, ní Aro l'Abẹ́òkúta, tàbí ní Yaba l'Ékòó. Ẹ fi àdúrà kún un.

Ìkíní, ẹ̀yin òbí, ẹ dín àṣẹ kù. Dípò "wọ bàtà rẹ", ẹ ní, "Bàtà méjì rèé, n ò mọ èyí tó dáa jù," kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹ fi eré àti ẹ̀rín sí i, ẹ fún un láàyè. Títì, iná àti omi ni kí ẹ dúró lé lórí. Ọmọ tí kò tíì bàlágà, ààwẹ̀ kò tíì di dandan fún un, ẹ má fi tipá mú un.

Ìkejì, ẹ̀yin bàbá, ẹ má sá. Ọmọ yín ni.

Ìkẹta, ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ gba ọmọ náà fún wákàtí méjì kí ìyá lè sùn. Ẹ bu oúnjẹ sààrì sí i. Sàráà ni.

Ìkẹrin, ẹ̀yin lèmọ́mù, ẹ fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀ láàyè lẹ́nu ọ̀nà, ẹ rẹ ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀. Bí ọmọ bá kígbe nígbà ìrun àsámù, ẹ má wẹ̀yìn wò ó.

Ọmọ yẹn ti padà wá. A kì í ní kí ó kéú mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí. Àwa a máa ka tiwa, a ó wá ṣe bí ẹni tí ó gbàgbé ẹsẹ kan, òun a sì bá wa fi kún un. Kì í ṣe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá ṣe é, inú wa a máa dùn ju ọjọ́ Wòlímọ̀ lọ.

Kí Ọlọ́hun forí ẹgba tí a nà án jì wá. Kí Ó fún àwọn òbí wọ̀nyí ní sùúrù àti ìsinmi, kí Ó sì fi wá ṣe olùrànlọ́wọ́ fún wọn. Àmín.