Ìdí tí awakọ̀ bàálù fi ń fi iléeṣẹ́ kéékèèké sílẹ̀, àti bó ṣe kan ará Talladjé



Ní Talladjé, ní ìlà oòrùn ìlú Niamey, kò ṣòro láti mọ̀ pé bàálù ti dé. Àdúgbò náà kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Diori Hamani. Àmọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè rí iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ kí bàálù kan ṣoṣo tó lè gbéra tàbí kó balẹ̀.

Bàálù lè wà, epo lè wà, èrò sì lè ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí ẹni tí yóò wà á, ilẹ̀ ni bàálù ọ̀hún yóò wà. Ìṣòro yìí ló ń bá ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù tó ń ná ọ̀nà kúkúrú fínra, láti Amẹ́ríkà títí dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Awakọ̀ mélòó ni bàálù kan nílò?

Ẹ jẹ́ ká fi ATR 72 ṣe àpẹẹrẹ. Bàálù kékeré ni, ó ń gbé nǹkan bí àádọ́rin èrò, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló sì ń lò ó fún ìrìnàjò tí kò jìnnà. Awakọ̀ méjì ló gbọ́dọ̀ jókòó síwájú: ọ̀gá awakọ̀ àti igbákejì rẹ̀.

Òfin kò gbà kí awakọ̀ máa wa bàálù bó ṣe wù ú. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wákàtí 900 sí 1,000 ni ẹnì kan lè fi wa bàálù láàárín ọdún kan, kí àárẹ̀ má baà fa jàǹbá. Bí bàálù kan bá fò fún wákàtí 3,000 lọ́dún, tí èèyàn méjì sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, wákàtí 6,000 ni àwọn awakọ̀ yóò pín láàárín ara wọn. Ó kéré tán, awakọ̀ mẹ́fà nìyẹn. A kò tíì ka ìsinmi, àìsàn àti ìdánrawò mọ́ ọn.

Iléeṣẹ́ tó bá ní irú bàálù bẹ́ẹ̀ mẹ́ta nílò awakọ̀ méjìdínlógún, ìyẹn ọ̀gá mẹ́sàn-án àti igbákejì mẹ́sàn-án. Bí ọ̀gá awakọ̀ mẹ́ta bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kan náà, bàálù kan ti di ohun ìgbékalẹ̀ nìyẹn. Àwọn igbákejì mẹ́ta yóò ṣì máa gba owó oṣù, ṣùgbọ́n igbákejì méjì kò lè jọ gbé bàálù èrò gbéra láìsí ọ̀gá. Àwọn Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, òfin ni ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti kọjá òwe.

Ohun tó tún mú un le ni pé àwọn ọ̀gá awakọ̀ yìí kan náà ló ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí wọ́n bá lọ, olùkọ́ lọ nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n ń lọ?

Àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ yìí dà bí àkàbà. Awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ kò ní wákàtí tó pọ̀, iléeṣẹ́ kékeré ló sì máa ń gbà á. Ibẹ̀ ni yóò ti ko wákàtí jọ. Bí wákàtí bá ti pọ̀, iléeṣẹ́ ńlá tó ní bàálù ńlá yóò nawọ́ sí i. Iléeṣẹ́ kékeré gbin iṣu, ẹlòmíì ló wá wà á.

Èkejì ni owó. Ní Nàìjíríà, ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan sí lọ́jà ìjọba. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Awakọ̀ tó ń gba náírà rí i pé owó òun ti yọ́ bí iyọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ kó rí iṣẹ́ tó ń san dọ́là lókè òkun. Jápa kò mọ sí ọ̀dọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan.

Ẹ̀kẹta ni ìdánrawò. Láàárín oṣù mélòó kan síra wọn ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa padà sínú ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi bàálù, kí wọ́n dán an wò bóyá ó ṣì mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ẹ̀rọ bá kú lójú òfurufú. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wà nílẹ̀ òkèèrè, owó òkèèrè ni wọ́n sì ń gbà. Ìnáwó yìí máa ń wúwo fún iléeṣẹ́ kékeré.

Amẹ́ríkà pàápàá kò bọ́ níbẹ̀

Lọ́jọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 2009, bàálù iléeṣẹ́ Colgan Air já lulẹ̀ nítòsí Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York. Àádọ́ta èèyàn ló kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2013, wákàtí 1,500 ni igbákejì awakọ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ ní kó tó lè wa bàálù èrò fún iléeṣẹ́, àyàfi àwọn kan tí wọ́n fún ní àǹfààní díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ní wákàtí 250 lè bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà dé lọ́dún 2020, àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní kí ọ̀pọ̀ àgbà awakọ̀ fẹ̀yìntì ṣáájú àkókò. Èrò padà dé kíá, àwọn iléeṣẹ́ ńlá sì lọ kó awakọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn kéékèèké. Nínú oṣù Kẹta ọdún 2022, iléeṣẹ́ SkyWest kéde pé òun fẹ́ dá ìrìnàjò sí ìlú kéékèèké 29 dúró nítorí àìtó awakọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ Envoy àti Piedmont gbé owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ dé dọ́là 90 fún wákàtí kan.

Ìlú kéékèèké ni ìyà náà kọ́kọ́ jẹ. Bó ṣe máa ń rí níbi gbogbo nìyẹn.

Ohun tí ojú Niamey ti rí

Niger ní ìpín nínú Air Afrique, iléeṣẹ́ bàálù tí orílẹ̀-èdè mọ́kànlá jọ dá sílẹ̀ ní Yaoundé lọ́dún 1961. Ó wó lọ́dún 2002. Nigeria Airways tẹ̀lé e lọ́dún 2003. Bí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wó, ibi tí ọ̀dọ́ awakọ̀ ti lè jókòó ti àgbà kọ́ṣẹ́ wó pẹ̀lú rẹ̀.

Àmọ́ Niamey ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Láti ọdún 1963 ni ilé ẹ̀kọ́ EAMAC ti wà níbẹ̀. Àjọ ASECNA, tó ń bójú tó òfurufú orílẹ̀-èdè 17 ní Áfíríkà nígbà tí ọdún 2022 ń lọ, ló ni ín. Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀. Àwọn tó ń darí bàálù láti orí ilẹ̀, àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ló ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022, àwọn tó ń darí bàálù lábẹ́ ASECNA bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Wọ́n ń bèèrè fún àtúnṣe sí ipò iṣẹ́ wọn àti ètò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. ASECNA ní kò bófin mu, ilé ẹjọ́ láwọn orílẹ̀-èdè kan sì ti ní kí wọ́n má ṣe é. Wọ́n fagi lé ìrìnàjò lóríṣiríṣi, ọgọ́rọ̀ èrò há sí pápákọ̀ Dakar àti Douala. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi dá a dúró kí ìjíròrò lè wáyé. Ọjọ́ yẹn fi hàn pé kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni bàálù ń dúró dè.

Lọ́jọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, lẹ́yìn ìfipágbàjọba, àwọn ológun ti òfurufú Niger pa. Ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí i. Irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ máa ń pa awakọ̀ lára. Ẹni tí kò bá gbé bàálù gbéra, kó sì gbé e balẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 90 ọjọ́, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ìdánrawò ṣe kó tó lè gbé èrò.

Ṣé ọ̀nà àbáyọ wà?

Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń ní kí awakọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé bí òun bá lọ ṣáájú ọdún báyìí, òun yóò dá owó ẹ̀kọ́ padà. Ó lè dá èèyàn dúró fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá pé, ẹni tó fẹ́ lọ yóò lọ. Iléeṣẹ́ tuntun náà tilẹ̀ lè bá a san owó ọ̀hún.

Ọ̀nà kejì ni kí iléeṣẹ́ fara ti ilé ẹ̀kọ́ tó múná dóko. ASKY, tó bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò láti Lomé nínú oṣù Kìíní ọdún 2010, bá Ethiopian Airlines da òwò pọ̀, ìyẹn sì ní ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ tirẹ̀ ní Addis Ababa. Nàìjíríà náà ní èyí tó wà ní Zaria láti ọdún 1964.

Ohun tí EAMAC ti ṣe fún àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ ni kò tíì rí bẹ́ẹ̀ fún awakọ̀ iléeṣẹ́ kéékèèké: kí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè da owó pọ̀, kí wọ́n sì jọ pín àwọn tí wọ́n bá kọ́. Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Kódà, bí wọ́n bá kọ́ wọn tán, owó oṣù àti ìsinmi tó péye ni yóò mú wọn dúró.

Láti Niamey sí Agadez tàbí Zinder, ìrìnàjò náà ju 800 kìlómítà lọ lórí ilẹ̀. Aláìsàn tó nílò dókítà ní olú ìlú kò lè fi ọjọ́ méjì dúró lójú ọ̀nà. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ awakọ̀ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ yìí kàn jù lọ, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ awakọ̀ ọ̀hún.