Ta Ló Ń Ṣọ́ Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka

Ọ̀rọ̀ dísíìkì kọ̀ǹpútà ni mo bá wá. Ẹ má ṣe rò pé ti àwọn akọ̀wé nìkan ni. Ọjọ́ tí wọ́n gbà yín síṣẹ́, wákàtí ofatáìmù yín, owó ẹgbẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ, orí dísíìkì ni gbogbo rẹ̀ wà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán náírà 10 lórí náírà 100, kí òṣìṣẹ́ dá 8, bí àwọn méjèèjì bá jọ ń dá a. Bí àkọsílẹ̀ bá sọnù, kí ni a ó fi bèèrè ẹ̀tọ́ wa?

Dísíìkì a máa kú bí táyà ti ń bẹ́. Ní 1988, olùwádìí mẹ́ta ní Yunifásítì California ní Berkeley, Patterson, Gibson àti Katz, kọ ìwé lórí bí dísíìkì púpọ̀ ṣe lè pawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, tí ọ̀kan bá sì kú, kí iṣẹ́ má dúró. RAID ni wọ́n pè é.

Awakọ̀ lọ́rì mọ táyà méjì-méjì tó wà lẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá bẹ́, èkejì á gbé ẹrù dé ọ̀dọ̀ fọganáísà. RAID 1 nìyẹn: ohun kan náà wà lórí dísíìkì méjì. RAID 5 ń fẹ́ dísíìkì mẹ́ta ó kéré tán, ó sì lè fara da ikú ẹyọ kan. RAID 6 ń fẹ́ mẹ́rin, ó lè fara da ikú méjì. Ṣùgbọ́n RAID 0 kò ní alátìlẹ́yìn kankan: bí ọ̀kan bá kú, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn.

Níbo ni wọ́n ti ń tò ó? Kí Windows tó jí rárá, kọ̀ǹpútà ní ètò tirẹ̀ tí àwọn tó ṣe é ti kọ sínú rẹ̀. Lórí àwọn ti àtijọ́, a máa ń tẹ Ctrl pẹ̀lú I, tàbí Ctrl pẹ̀lú R, bí ẹ̀rọ bá ti ń jí. Lórí ọ̀pọ̀ ti ìsinsìnyí, inú Setup ló wà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí dísíìkì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kọ Normal tàbí Optimal, àlàáfíà ni. Bí ó bá kọ Degraded, táyà kan ti bẹ́, ọkọ̀ ṣì ń lọ. Ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀, nítorí bí òmíràn bá tún kú lórí RAID 5, ó parí.

Ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ihò tí dísíìkì òkú wà, kí ẹ má baà fa èyí tó yè yọ. Tuntun kò gbọdọ̀ kéré ju ti àtijọ́ lọ. Rebuild ló ń tún un kún. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Initialize àti Delete kì í ṣe àtúnṣe, ìparẹ́ ni. Bí dísíìkì tí a gbé láti ẹ̀rọ mìíràn bá ń jẹ́ Foreign, Import ló ń gbà á wọlé; Clear ń nu ètò rẹ̀ nù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n táyà méjì kò lè gba lọ́rì tó já sódò. Bí ẹnìkan bá pa orúkọ yín rẹ́, RAID á pa á rẹ́ lórí dísíìkì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Iná, omi àti olè kò mọ RAID.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí a gbé síwájú àwọn ọ̀gá. Èkíní, kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wà ní ilé mìíràn, kí wọ́n sì máa dán an wò bóyá ó ṣeé kà. Èkejì, kí wọ́n kọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ níṣẹ́, kí wọ́n má fi ẹni tí kò mọ̀ ọ́n síbẹ̀ lóru, kí wọ́n wá lé e níṣẹ́ nígbà tó bá tẹ bọ́tìnì tí kò yẹ. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù máa gba ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe fi ìwé owó oṣù yín dáná. Ojú olójú kì í jọ ojú ẹni. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.